Ohun Tí Mo Sọ sí Bàbá Nítorí Jíà

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ bá mi kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ti ń fúyẹ́, iṣẹ́ mẹ́káníìkì mi náà ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ṣẹ Bàbá. Wọ́n gbé ọkọ̀ asáré oníjókòó méjì wọn àtijọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n ní jíà kejì kì í wọlé mọ́. Mo ní, "Ọwọ́ yín ló darúgbó, Bàbá, kì í ṣe ọkọ̀." Àwọn oníbàárà bú sẹ́rìn-ín. Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn lọ sílé.

Ìgbà tí mo tú ìdí ọ̀pá jíà ni mo rí i pé rọ́bà kékeré tó so ó mọ́ irin abẹ́ ọkọ̀ ti jẹ tán. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọwọ́ tí mo bú yẹn náà ló kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà. Ojú gbà mí tì.

Mo ti tún un ṣe, mo sì kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní, "Ó ti tán," àmọ́ wọn ò wa ọkọ̀ náà mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n. Ẹ má dárúkọ mi o. Ẹ kàn ní tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, Bàbá lẹ fẹ́ kó wá fi ọkọ̀ wọn gbé yín.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọmọ yín sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí yín.

Àbúrò yín.