Ọkọ̀ Tí Kì í Jí Nílé

                                                  Ilé Ọdẹ́bọ̀dé,
                                                  Ọ̀kákà,
                                                  Ọ̀nà Ìsẹ́yìn.
                                                  Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kìíní, ọdún 1981.

Ìyápọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ń kọ́? Àwọn ọmọ ń kọ́, ṣé ọyẹ́ kò fi ikọ́ bá wọn jà? Mo gbọ́ pé ọyẹ́ Ìbàdàn yín kò tó nǹkan. Tọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ti la ẹsẹ̀ àgbà, ó ti la ètè ọmọdé. O kú iṣẹ́, o kú bójú ọjọ́ ti rí. Ara tiwa le, ọpẹ́ ni, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀ rárá, ẹni tí mo lè rò ó fún kò sì pọ̀.

Oṣù Dúróríkẹ́ ìyàwó mi ti pé. Ìwọ náà bá wa sunkún ọmọ tó lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó kọjá. Àárọ̀ tó ń rọbí rẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ akẹ́rù mi lóun kò lọ síbì kankan. A tì í títí, oòrùn ti gùn kí a tó gbé e dé Ìsẹ́yìn, ọmọ sì ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Dókítà wá kìlọ̀ fún wa báyìí pé Dúróríkẹ́ kò gbọ́dọ̀ bímọ nílé mọ́, pé bó bá ti ń mú un ni ká máa gbé e bọ̀. Ká fi kí ni gbé e? Ọkọ̀ tèmi yìí nìkan ló ń sùn ládùúgbò wa. Mo ní kó lọ dúró lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ n'Ísẹ́yìn, ó ní òun kò lè lọ máa jókòó wo ojú onílé. O mọ Dúróríkẹ́, bó bá ti lóun kò ṣe, ó parí.

Bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ náà kò yíwà padà. Bílẹ̀ bá ti mọ́, kí n tó bọ́jú, ìdí rẹ̀ ni mo ń lọ. Mo ṣáná, ó wúkọ́ bí arúgbó, èéfín funfun bo àgbàlá, ó dákẹ́. Mo pààrọ̀ bátìrì. Mo pààrọ̀ fílítà. Mùstàfá, mẹkáníìkì wa n'Ísẹ́yìn, tú gbogbo nọ́súlù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, ó fọ̀ wọ́n, ó ní kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, ọkọ̀ kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Nígbà tí mo lọ kó àgbàdo ní Ìjìó, ìta gbangba ló sùn nínú ọyẹ́, mo ṣáná lẹ́ẹ̀kan, ó jí. Àfi nílé! Àwọn ará ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọwọ́ ayé ni. Ìyá àgbà kan tó máa ń yáná nítòsí ọkọ̀ láàárọ̀ ni wọ́n ń fẹnu kẹ́lẹ́ dárúkọ. Inú bí mi débi pé díẹ̀ ló kù kí n bá gbogbo wọn jà.

Ibi tí ojú mi ti là ni etí odò. Mo gbé ọkọ̀ lọ fọ̀ síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbórí rẹ̀ sókè níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, oorun sì gbé mi lọ lábẹ́ igi. Nígbà tí mo jí, ọkọ̀ kọ̀ bí ẹni pé ilé ló wà. Ìyápọ̀, o mọ̀ pé àgbàlá wa rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òkè rẹ̀ sì ni ojúbọ Ògún wa wà. Bàbá mi kì í gbà kí ọkọ̀ kẹ̀yìn sí i. Irin yòówù tó bá wọlé, ojú Ògún ló gbọ́dọ̀ wò sùn. Gbígbórí sókè sì ni ọkọ̀ mi ń sùn lójoojúmọ́. Mo ròyìn rẹ̀ fún Mùstàfá, ó ní ọ̀rọ̀ ti yé òun: páìpù tó ti tánkì wá sí pọ́ọ̀ǹpù ti là bí irun níbi kan, afẹ́fẹ́ ń gbabẹ̀ wọlé. Bórí ọkọ̀ bá ti ga, gbogbo epo dísù á ṣàn padà sínú tánkì kílẹ̀ tó mọ́, pọ́ọ̀ǹpù á máa fa atẹ́gùn. Títí n óò fi tú nọ́ọ̀tì, tí n óò máa fọwọ́ fa epo wá kí afẹ́fẹ́ lè jáde, aboyún tó ń rọbí á ti wo ikú lójú. Kò rí irú páìpù náà rà n'Ísẹ́yìn. Ó ní kí n ṣáà máa dorí ọkọ̀ kọ ìsàlẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún Bàbá. Ìbọn ọdẹ rẹ̀ ló ń nù, kò sì gbójú sókè. Ó ní òun kò tíì rí ẹni tó kẹ̀yìn sí Ògún tó sì rìnnà re. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ẹnu mi gbẹ. Kí n yí ọkọ̀ padà láìgbàṣẹ, ẹ̀rù ń bà mí. Kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí. Jíjókòó kò ṣeé ṣe, dídúró kò ṣeé ṣe. Dúróríkẹ́ fúnra rẹ̀ ló lọ kúnlẹ̀ fún un, tòun ti ikùn ńlá yẹn. Ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí Ògún wo ẹ̀yìn ọkọ̀, kí èmi náà lè wo ojú ọmọ.”

Bàbá gbé ìbọn rẹ̀ wọlé lọ. Àmọ́ nígbà tí a jí lọ́jọ́ kejì, ìsàlẹ̀ àgbàlá la ti bá a tó ń gbẹ́ ilẹ̀. Ó ti ru ọ̀kan nínú àwọn irin ojúbọ wá láti òkè, ó rì í mọ́lẹ̀, ó ta omi sí i, ó fi obì bẹ̀ ẹ́. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó pè mí.

Ó ní, “Yí ọkọ̀ rẹ padà. Ògún ti sọ̀ kalẹ̀ wá pàdé rẹ̀.”

Láti ọjọ́ náà, mo ń ṣáná sí i láàárọ̀, mo ń ṣáná sí i nírọ̀lẹ́, ó sì ń jí. Dúróríkẹ́ ní mo kàn ń fi dísù ṣòfò ni. Bá mi wá páìpù náà ní Ìbàdàn, jọ̀ọ́, ìwọ lo mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á. Dúró ná, ó ń pè mí, ohùn rẹ̀ kò sì jọ ti ẹni tó kàn ń pe èèyàn.

Ìsẹ́yìn ni mo ti ń bá ìwé yìí lọ báyìí. Ọkọ̀ jí lẹ́ẹ̀kan péré, Ìyápọ̀. Obìnrin ni ọmọ wa. Ó gbé ìwọ́ kọ́rùn wá, nítorí náà orúkọ ti bá a wá sáyé: Àìná. Nọ́ọ̀sì ní bó bá ṣe pé a pẹ́ díẹ̀ sí i ni, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó má parí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ti rò pé bó bá ti bí, ọkàn mi á balẹ̀. Irọ́ ni. Wọ́n ní a lè máa lọ sílé lọ́la, gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ojú ọ̀nà ni mo sì ń kà lọ́kàn, torí ọmọ ti wà nínú ọkọ̀ báyìí. Má fi ọ̀rọ̀ páìpù yẹn falẹ̀.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti gbogbo ará ibẹ̀. Dúróríkẹ́ kí ọ, ó ní kí o fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ sílẹ̀, kí o wá kí ọmọ.

Èmi ni tìrẹ, ọ̀rẹ́ àtìgbà èwe,

Ògúndìran,
Bàbá Àìná.