Nítorí Modúpẹ́, Ọmọ Ìdíátù

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹwàá, 1982
Àgọ́ ọlọ́pàá ni mo ti ń bọ̀. Èmi àti Ìdíátù la jọ lọ, aládùúgbò mi níbí ní Ibido ní Ṣàgámù, tó ń ṣa obì jẹun. Modúpẹ́ ọmọ rẹ̀ — èmi ni mo gbẹ̀bí rẹ̀, nígbà tí mo ṣì ń ṣe nọ́ọ̀sì — ti bá obìnrin kan lọ sí Àbíjáànì láti ọdún tó kọjá. Obìnrin náà ní òun á fi í kọ́ṣẹ́ ìránṣọ. A ò gbúròó ọmọ náà mọ́. Awakọ̀ kan tó tọ̀hún dé ló sọ pé òun rí i nílé ọtí kan, pé wọn kì í jẹ́ kó jáde. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá!

Ọ̀gá ọlọ́pàá bi wá pé ṣé wọ́n jí i gbé ni. Ìdíátù ní rárá, òun lòun fà á lé e lọ́wọ́. Ọkùnrin náà bá káwọ́ sókè. Ó ní òfin tó wà lọ́wọ́ òun ò mú irú ìyẹn, àfi kí ìyá fi sùúrù sí i. Sùúrù! Obìnrin tó kó ọmọ lọ ti padà sí Ṣàgámù níbí, ó ń yan kiri. Mo sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rìn-ín, torí eyín rẹ̀ kì í wọlé. Lánàá ló kí mi pé ẹ kú ọ̀sẹ̀ o, Màmá.

Ọjọ́rú, 6 oṣù kẹwàá
Lásúnkànmí yà sọ́dọ̀ mi. Tíṣà ni ní Ìkẹ́nnẹ́, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ní bí òfin ò bá sí, ká lọ béèrè fún un. Àwọn aṣòfin wà ní Abẹ́òkúta, ìbò wa náà ló gbé wọn débẹ̀. Òfin kan péré — ẹni tó bá kó ọmọ ọlọ́mọ kọjá ibodè lọ fi ṣòwò, ẹ̀wọ̀n ni, bí ìyá fọwọ́ sí i, bí kò fọwọ́ sí i. Ìgbà yẹn ni wọ́n á lè mú Ẹlẹ́rìn-ín, kó wá jẹ́wọ́ ibi tó fi Modúpẹ́ sí.

Mo ní ta ni yóò dá wa lóhùn? Ó ní, Màmá, ẹ jẹ́ ká gbìyànjú ẹ̀ wò. Mo gbà. Kì í ṣe pé mo nígbàgbọ́ o. Mi ò kàn lè máa wo ojú Ìdíátù láràárọ̀ láìṣe nǹkan kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 oṣù kẹwàá
Ẹsẹ̀ ń ro mí. Ilé dé ilé, èmi àti Lásúnkànmí, à ń bẹ èèyàn kí wọ́n tẹ ìka sí ìwé ẹ̀bẹ̀ wa. Àwọn kan tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ń wo tàdáwà bí ẹni wo májèlé.

Alàgbà Fàsásì ló dá mi dúró. Bàbá olóbì, ẹnu rẹ̀ tólẹ̀ ládùúgbò. Ó ní, "Adétóun, ṣé o fẹ́ fòfin de kí ará máa bá ará tọ́mọ ni? Ìwọ náà ńkọ́, ta ló tọ́ ẹ?" Òótọ́ ni. Ilé tíṣà ní Ìsarà ni mo ti dàgbà, ìyá mi ló mú mi lọ síbẹ̀ tòun ti ẹní mi. Mo ní, Bàbá, wọ́n tọ́ mi ni, wọn ò tà mí. Ó ní ta ni yóò wá mọ ìyàtọ̀, ṣé ọlọ́pàá? Ọmọ Ègùn kan, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, gbé omi wá fún wa bá a ti jókòó. Mi ò béèrè ibi tí wọ́n ti rí ọmọ náà. Bàbá ò tẹ ìwé wa, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà ò sì tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 28 oṣù kẹwàá
Ọ̀nọ́rébù tó ń ṣojú wa tún ní ká padà wá. Ẹ-Padà-Wá lorúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ mi láti òní lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 oṣù kọkànlá
Hẹn! Ẹ-Padà-Wá gbà. Ìgbìmọ̀ kan á gbọ́ wa l'Ábẹ́òkúta lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ó ní ìwé wa nìkan ò tó, kí ìyá ọmọ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Kò sí ìyá mìíràn tó gbà láti sọ̀rọ̀. Ìdíátù nìkan la ní.

Ó wá sọ ọ́ fún mi ní pálọ̀ lálẹ́ yìí bó ṣe máa sọ ọ́. Ó sọ ọ́, omijé bọ́ lójú mi. Àjọkẹ́, àbúrò Modúpẹ́, jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ń rán an létí ohun tó bá gbàgbé. Ọmọ yẹn gbọ́n jù.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 oṣù kọkànlá
Mo rí Ẹlẹ́rìn-ín tó ń jáde láti ọ̀dọ̀ Ìdíátù. Mo ní kí ló wá ṣe? Ìdíátù ní ó wá kí òun ni. Kò gbójú sókè. Kí ni kíkí ti jẹ́?

Ọjọ́bọ̀, 25 oṣù kọkànlá
Ó ti bàjẹ́.

Lásúnkànmí sọ̀rọ̀, ó dùn ún gbọ́. Èmi náà sọ tèmi. Wọ́n ń fetí sílẹ̀ — mo rí i, ọ̀kan ń mi orí. Wọ́n wá pe Ìdíátù. Ó dìde, ó tún gèlè ṣe. Ó ní kò sẹ́ni tó gbé ọmọ òun. Ó ní obìnrin tó mú un lọ ṣe òun lóore, pé àwọn Màmá Nọ́ọ̀sì ló ní kí òun wá. Ó bá jókòó.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Alága di ìwé wa pọ̀, ó ní, ẹ máa lọ sinmi, Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ìlú.

Ìgbà tá a sọ̀ kalẹ̀ ní Íńtáṣéńjì ni Ìdíátù tó dì mọ́ ìró mi, ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn oníbúrẹ́dì. Ẹlẹ́rìn-ín ti sọ fún un pé bí òfin yìí bá jáde, Modúpẹ́ ò ní lè gba ibodè kọjá mọ́ láéláé. Àmọ́ tó bá fi ẹnu rere gbe òun, ọmọ á wọlé kí ọdún tó yí.

Mo bú u. Mo ní aláìlójútì, ọ̀dàlẹ̀, gbogbo ohun tó bọ́ sí mi lẹ́nu. Ó ṣáà ń wò mí. Mo bá fà á dìde, àwa méjèèjì sunkún bí ọmọdé. Ká ní èmi ni ńkọ́? Mi ò mọ̀. Mi ò fẹ́ mọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 5 oṣù kejìlá
Lásúnkànmí ní ká tún un bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ní kó lọ wá ìyá mìíràn. Kò tíì padà wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 oṣù kejìlá
Mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ìdíátù kì í ṣe onígbàgbọ́, síbẹ̀ ó ti gbá ojúde, ó sá ẹní Modúpẹ́ sóòrùn. Mọ́tò tó bá ti dúró níwájú ilé, á sáré yọjú. Mo gbé ìkọ́kọrẹ́ lọ fún un. Ó ní kí n bu ti Modúpẹ́ sọ́tọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù kìíní, 1983
Ọdún ti yí. Kò wá.

Ọjọ́rú, 5 oṣù kìíní
Ìdíátù wọlé wá láàárọ̀, ojú rẹ̀ ń dán. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti rí i bẹ́ẹ̀. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo ní ọmọ ti dé?

Ó ní rárá, àmọ́ ó ti kù díẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín wá lọ́jọ́ Àìkú wá bẹ̀bẹ̀. Ó ní Modúpẹ́ ló ń ṣorí kunkun, ó ní òun ò wálé, kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni mọ́, àfi bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá wá mú un. Ìdíátù ní òun rò ó títí. Òun ò lè fi obì sílẹ̀. Òun bá múra fún Àjọkẹ́. Ìdájí òní ni Ẹlẹ́rìn-ín mú un lọ.

Mo ní, Ìdíátù, Àjọkẹ́ wo?

Ó ní kí n má bínú. Òun ò sọ fún mi torí òun mọ̀ pé n ó dí òun lọ́wọ́. Ó ní ọmọ náà ò tilẹ̀ sunkún, inú rẹ̀ dùn pé òun ń lọ mú ẹ̀gbọ́n òun wálé.

Lẹ́yìn náà ló wá bi mí, torí èmi ni mo kàwé, pé láti Àbíjáànì dé ibí, ìgbà wo ni kí òun máa retí àwọn méjèèjì. Mo ní kò ní pẹ́.