Èjìká Tí Màmá Ń Tọrọ Àlàáfíà Fún

Táòfíkì àbúrò mi,

Ìyàwó àti àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo ará ilé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun kí ọ. Orúnkún Màmá ti ń san.

O ní èjìká ń dùn ọ́, o ò lè wálé ṣe fídáù Bàbá wa. Lọ́jọ́ fídáù gan-an, ọkọ mi fi ọ́ hàn mí lórí fóònù: ìwọ rèé ní Ìlú Ọba, àgbà ọ̀jẹ̀ tí ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì tuntun gbà, ò ń ju bọ́ọ̀lù rẹ tó máa ń pòyì, àwọn òyìnbó ń pàtẹ́wọ́. Ojú ò tì ọ́!

Màmá ò mọ̀. Gbogbo ìrun ni wọ́n fi ń bẹ Allah fún èjìká yẹn. Pè wọ́n, kí o fẹnu ara rẹ sọ ọ́.

Allah á ṣọ́ ọ. Òrí tí Màmá ní kí o máa fi pa èjìká náà ló wà nínú ẹrù tó bá lẹ́tà yìí wá.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Kàdíjátù