Èmi ni mo bá Màmá mú erékùṣù tí wọn ò ní lè dé

Admin, ẹ dákun, ẹ bá mi bo orúkọ mi. Ìyá ọkọ mi kọ́ ló mú Zanzibar. Èmi ni mo mú un. Ìyá ọkọ mi ti kú... ó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí a ti sin wọ́n, ọkọ mi ò sì mọ̀ títí di bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́. Ó ti fi orúkọ wọn sílẹ̀ pé wọ́n ń bọ̀ wá gbafẹ́ létí òkun. Ó ti bá wọn wá àga onítáyà tí ó máa fi tì wọ́n wọ inú iyanrìn nítorí orúnkún tó ń dùn wọ́n. Ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀, tí mo bá rò ó tán, ẹni tó bá fẹ́ bú mi kó bú mi.

Ìwó níbí ni mo ń gbé, nínú ilé ọkọ mi. Mo kàwé dé SS3, mo bí ọmọ kan, ọmọbìnrin ni, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọkọ mi ń dáná ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan nílùú àwọn Lárúbáwá, oyún ọmọ yìí ló wà nínú mi nígbà tó lọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì tíì wálé látìgbà náà. Nítorí náà èmi àti Màmá la jọ ń gbé, àwa méjèèjì la jọ tọ́ ọmọ yìí. Gààrì ni wọ́n máa ń lọ kó ní Olúpọ̀nnà tí wọ́n ń tà, ẹnu wọn ò sì í dákẹ́. Tí mo bá se ọbẹ̀ tó ta jù, wọ́n á ní, "Ìyàwó mi, ṣé ọbẹ̀ lo sè ni àbí o fẹ́ ká jọ sunkún?" Tí eyín bá ń dùn wọ́n, wọ́n á tú etí ìró wọn, wọ́n á yọ kànáfùrù kan níbẹ̀, wọ́n á fi há eyín. Gbogbo aṣọ wọn ló ń rùn kànáfùrù. Èmi tí mi ò ní ìyá láyé mọ́, àwọn ni mo mọ̀ ní ìyá.

Hòtẹ́ẹ̀lì tí ọkọ mi wà yìí ní ẹ̀ka ní erékùṣù méjì, ọ̀kan ní Zanzibar, ọ̀kan ní Mauritius. Òṣìṣẹ́ tó bá ti lo ọdún mẹ́rin, wọ́n máa ń jẹ́ kó mú ara ilé rẹ̀ lọ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, àmọ́ ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ mú. Ó wá fi fọ́tò méjèèjì ránṣẹ́ sí fóònù Màmá. Ti Mauritius, òkè gíga kan ló dúró ti òkun, omi yẹn rí bí aró, bí ẹni da ẹlú sí i. Ti Zanzibar, iyanrìn funfun báláú, ọkọ̀ ojú omi tó ta aṣọ, mọ́sálásí àtijọ́ létí òkun. Èmi, Mauritius wù mí, kí n má parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ní Màmá ló máa mú. Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, òun tẹ̀lé wọn lọ sí Odò Ọbà, òun bi wọ́n pé ṣé omi yìí ló tóbi jù láyé, Màmá ní àwọn gbọ́ pé òkun wà, àwọn ò rí i rí, òun sì ṣèlérí lọ́jọ́ náà pé òun á mú wọn dé ibẹ̀. Màmá wo fọ́tò yẹn títí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní omi tó mọ́ tó báyìí, ta ló fẹ́ wọ inú rẹ̀ kí gbogbo ayé máa wo itan òun? Wọ́n ní àwọn máa rò ó. A lọ ṣe páásìpọ́ọ̀tù ní Òṣogbo, ẹni tó ń ya fọ́tò ní kí wọ́n má rẹ́rìn-ín, ibi tó ti sọ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín ti mú wọn, ìgbà mẹ́ta ló ya fọ́tò yẹn kó tó rí èyí tó ṣeé lò...

Ibà ló bẹ̀rẹ̀ o. Ọjọ́ mẹ́ta péré. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin wọ́n ní, "Ìyàwó mi, bá mi pe Àkànní." Oríkì ọkọ mi nìyẹn. Mo wo aago, mo rí i pé ó ti wọ iṣẹ́, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n mú fóònù wọ ibi ìdáná. Mo ní Màmá, tó bá dìrọ̀lẹ́, tó bá ti jáde. Wọ́n ní ó dáa. Mo gbé fóònù wọn sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí, mo gbé ọmọ pọ̀n, mo sáré jáde lọ wá kẹ̀kẹ́ tó máa gbé wa lọ sí ọsibítù. Kò pẹ́ tí mo fi rí kẹ̀kẹ́. Nígbà tí mo wọlé, fóònù wà láyà wọn, mo rò pé oorun ni. Mo ń pè wọ́n, Màmá, Màmá, kẹ̀kẹ́ ti dé... Kí wọ́n tó kírun Aláásárì lọ́jọ́ náà, a ti sin wọ́n sí ẹ̀yìnkùlé.

Ìrọ̀lẹ́ tí mo dá fún wọn nìyẹn. Mi ò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí. Gbogbo ilé ló rò pé wọ́n kàn sùn lọ ni. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ní kí n pe ọmọ wọn tí mi ò pè é.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá Kéwú, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, kó gbogbo wa jọ sí pálọ̀. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún Àkànní lórí fóònù. Wọ́n ní ó dá wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó máa dì í mú tó bá ṣubú. Wọ́n ní ṣé a ti gbàgbé ọmọ Kuta yẹn tí wọ́n túfọ̀ bàbá rẹ̀ fún lájò, tó yí lulẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tí wọ́n ṣì ń ròyìn rẹ̀ dòní? Wọ́n ní nígbà tó bá gba ìsinmi ọdún mẹ́rin rẹ̀ tó wálé, a ó jẹ́ kó jókòó, a ó fún un lómi mu, àwọn àgbà á sọ ọ́ fún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Gbogbo ilé ní bẹ́ẹ̀ ló dáa. Èmi náà kúnlẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ló dáa, sà. Nílẹ̀ wa níbí, ta ni wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún rí? Àṣé a ti gbàgbé pé ìsinmi ọdún mẹ́rin yẹn, kì í ṣe ilé ló fẹ́ wá lò ó. Etí òkun ni. Pẹ̀lú Màmá.

Bí irọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ní Màmá lọ sọ́dọ̀ àbúrò wọn ní Kuta, mo ní network ibẹ̀ ò dáa, mo ní fóònù wọn bàjẹ́, mo ní ọ̀fun ń dùn wọ́n. Nígbà tó yá ó ní òun ò ní gbà, òun fẹ́ gbọ́ ohùn ìyá òun. Ẹ̀yin èèyàn mi... Màmá ò mọ̀wé kọ, voice note ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́, wọ́n sì pọ̀ nínú fóònù wọn. Mo mú fóònù yẹn, kò sí data lórí rẹ̀, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, mo tẹ àdúrà kan tí wọ́n ṣe fún un lọ́dún tó kọjá, mo fi fóònù tèmi gbà á sílẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Pé "Àkànní, o ò ní rí àgbákò, ibi tó o bá dojú kọ, Ọlọ́run á ṣáájú rẹ." Ṣé ẹ mọ ohun tí ọkọ mi fèsì? Ó ní ohùn Màmá ti le, ó ní oògùn ọ̀fun tí òun rà ránṣẹ́ yẹn ń ṣiṣẹ́, ó ní Ọlọ́run á san án fún mi bí mo ṣe ń tọ́jú wọn. Mo tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Mo kọ́ ọmọ mi pé tí Dádì bá bèèrè Màmá, kó ní wọ́n wà ní Kuta. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n jọ ń rí ara wọn lórí fóònù, bàbá rẹ̀ ní Màmá ńkọ́, ọmọ yìí gbàgbé, ó ń na ìka sí ẹ̀yìnkùlé... mo ju fóònù sílẹ̀. Ó ti wá mọ̀ ọ́n sọ dáadáa báyìí. Wàràwàrà ló máa ń sọ ọ́, "Màmá wà ní Kuta, Dádì." Ọmọ ọdún mẹ́rin. Èmi ni mo kọ́ ọ.

Oṣù tó kọjá ni ọkọ mi ní ibi iṣẹ́ ń fẹ́ èsì, Zanzibar ni àbí Mauritius, kí n bá òun bi Màmá lọ́jọ́ yẹn gan-an. Mo wọ yàrá wọn, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì wọn, mo ṣí fọ́tò méjèèjì, mo ń bi bẹ́ẹ̀dì léèrè bí wèrè. Màmá, èwo ni? Ìró wọn ṣì wà lórí ìṣó, mo tú etí rẹ̀, kànáfùrù mẹ́ta wà níbẹ̀. Mo rántí pé ọkọ mi ní Zanzibar ni wọ́n ti ń gbin kànáfùrù. Mo sunkún títí, mo wá tẹ̀ ẹ́ sí i pé Màmá ní Zanzibar, wọ́n ní ìlú tí wọ́n á ti máa gbọ́ ìpè ìrun ni àwọn fẹ́. Ariwo tó pa! Ó ní òun mọ̀, òun mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n máa mú. Ó lọ gba yàrá ìsàlẹ̀ kí Màmá má gun àtẹ̀gùn. Ó ra akẹtẹ̀ tó máa bo oòrùn lójú wọn. Ó ní òun fúnra òun ló máa ti àga yẹn dé ibi tí omi á fi kan ọrùn ẹsẹ̀ wọn.

Mo sáré lọ bá Bàbá Kéwú. Wọ́n ní kí n máa gbé ọmọ lọ, tó bá rí ẹni méjì dípò mẹ́ta, á yé e fúnra rẹ̀, ọkùnrin ni. Ṣé bó ṣe yẹ kó yé èèyàn nìyẹn? Kó dúró sí pápákọ̀ òfuurufú pẹ̀lú àga òfìfo àti akẹtẹ̀ lọ́wọ́, kó máa wo ẹ̀yìn mi?

Èyí tó wá gbé mi dọ́dọ̀ yín nìyí. Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo ń wá àdúrà mìíràn tí mo máa gbà sílẹ̀ nínú fóònù Màmá. Òkè, níbi àwọn àdúrà àtijọ́, ni mo máa ń sáré fà á lọ; lọ́jọ́ yìí mo wo ìsàlẹ̀ pátápátá, ibi tí mi ò wò rí. Mo rí voice note kan tí kò lọ, àmì aago kékeré ló wà lára rẹ̀, data ti tán kó tó lọ. Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kú ni. Ìgbà tí mo lọ wá kẹ̀kẹ́. Àwọn fúnra wọn ló tẹ̀ ẹ́. Ohùn wọn wálẹ̀ gan-an. Wọ́n ní, "Àkànní, ìyàwó rẹ ní o wà níbi iṣẹ́. Má bínú sí i o, òótọ́ ló sọ. Omi méjì tó o ní kí n mú níjọ́sí... mi ò mú ìkankan níbẹ̀. Odò Ọbà tó mi í wò. Tí wọ́n bá fún ọ láyè, ilé ni kó o wá. Ojú rẹ ni mo fẹ́ rí." Èémí wọn nìkan lẹ ó máa gbọ́. Lẹ́yìn náà ohùn kẹ̀kẹ́ tí mo gbé wá, bó ṣe ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ibẹ̀ ló parí sí.

Wọn ò mú Zanzibar. Wọn ò mú Mauritius. Mo bá òkú sọ ohun tí kò sọ.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọkọ mi gbéra. Fóònù Màmá wà lórí itan mi báyìí. Tí mo bá fún un ní data, voice note yẹn á lọ fúnra rẹ̀, mi ò ní lè dá a dúró. Ọkọ mi á kọ́kọ́ yọ̀ pé ohùn ìyá òun nìyí, á ní kí wọ́n yí ọ̀nà padà, òun ń bọ̀ wálé... á wá bá ẹ̀yìnkùlé. Ṣé kí n kọ́kọ́ sọ fún un ni, kí n tó jẹ́ kó gbọ́ ọ? Ṣé kí n wá ọmọ Yorùbá kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ tó máa jókòó tì í? Ṣé kí n gbọ́ ti àgbà, kí n gbé ọmọ lọ sétí òkun? Mo ti gbé ìka lé ibi tí wọ́n fi ń pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, Ọlọ́run dárí jì mí. Tó bá gbọ́ pé wọ́n ní kí n pe òun tí mi ò pè, ṣé á tún lè wo ojú mi láyé?

Ẹ̀yin tí ẹ ti wà lájò rí, tí wọ́n fi òkú ìyá yín pamọ́ fún yín, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bi. Báwo lẹ bá ṣe fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ fún yín? Ẹ jọ̀wọ́ ẹ tètè dá mi lóhùn. Ó ní tí òun bá jáde níṣẹ́ lónìí, òun máa pè láti bá Màmá sọ̀rọ̀, mi ò sì fẹ́ tún sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé kó di ìrọ̀lẹ́.