Aṣọ Tí Mo Rán fún Ìdílé Inú Kátúùnù

Àbíkẹ́yìn mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o ń jẹun, ṣé o sì ń sùn? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọmọ tí ìyá rẹ̀ ò sí nítòsí á máa bá mi ṣọ́ ẹ. Ara tèmi le, orúnkún òsì nìkan ló ń bá mi jà. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ti kó lọ sílé tuntun, ó ní o kì í gbé fóònù òun. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ló mú mi gbé bírò, mo máa tó dé orí ẹ̀.

Láti ìgbà tí o ti sọ fún mi pé o wà lára àwọn tó ń kọ ohun tí ìdílé inú kátúùnù yẹn ń sọ, gbogbo ọ̀sán Sátidé ni mo ń lọ wò wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Àánú wọn ń ṣe mí. Ọmọ ọwọ́ wọn ṣì ń rákò lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ìka mẹ́rin mẹ́rin ni gbogbo wọn ní, fọgbọ́n bi wọ́n bóyá ìdílé ìyá ló ti wá. Èyí tó dùn mí jù ni pé ṣòkòtò kan ṣoṣo ni bàbá wọn ní. Èmi aránṣọ, tí ọmọ mi ń bá wọn ṣiṣẹ́, kí n máa wò ó níran? Mo mú téèpù, mo bọ́ síwájú tẹlifíṣọ̀n, mo wọn ìbàdí rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ní kí n kúrò lójú àwọn èèyàn, mo ní kó ní sùúrù, ọkùnrin yẹn ló kọ̀ tí ò dúró sójú kan. Ìbàdí náà ò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, mo bá fojú ṣírò ìyókù, torí ẹni tó bá jìnnà a máa kéré. Ṣòkòtò méjì wà nínú àpò tí awakọ̀ gbé wá pẹ̀lú lẹ́tà yìí, àti kaba fún ìyá wọn. Bó bá fún un, mo fi àyè sílẹ̀ lójú rírán, ẹ lè tú u. Wọ́n ní ẹni tó máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn ẹ̀ là á wò, torí náà kí ìwọ alára wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun tí o bá ń gbé e fún wọn.

Yẹ̀yẹ́ tí ẹ ń ṣe ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n á sọ̀rọ̀ kan, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á bú sẹ́rìn-ín, èmi á máa wo ẹnu wọn. Onígbàjámọ̀ ló ń là á yé mi. Ó ní dígí dúdú tí ọmọkùnrin wọn wọ̀ wọ balùwẹ̀ yẹn, olórin kan tó lókìkí ni wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní ajá tó ṣubú kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, agbábọ́ọ̀lù kan ni. Ó ní ẹni tí ò bá mọ àwọn gbajúmọ̀ ò lè rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọlọ́mọ ni olórin yẹn o. Mú ẹni tó dàgbà jù níbi iṣẹ́ yín, kí ẹ jọ lọ bẹ̀ ẹ́.

Ọdún mẹ́ta rèé tí bàbá rẹ ti kú, o ò tíì dárúkọ rẹ̀ sí mi létí lẹ́ẹ̀kan. Tí mo bá dá ọ̀rọ̀ ẹ̀ sílẹ̀, wàá ní ẹnì kan ń pè ẹ́ níbi iṣẹ́. Mo wá ń rò ó pé olórin àti agbábọ́ọ̀lù ti kún orí ẹ, kò sáyè fún bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe mọ́. Ó dùn mí gan-an, mi ò ní purọ́.

Àfi Sátidé tó kọjá. Bàbá inú kátúùnù jókòó ti rédíò, ẹni tó ń ka ìròyìn ní ẹ káàsán ẹ̀yin olùgbọ́ wa. Ló bá dìde, ó ṣí fìlà, ó ní ẹ káàsán o, àwọn ará ilé ńkọ́, ó sì dúró kí rédíò dá a lóhùn kó tó jókòó. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n yíjú sí onígbàjámọ̀, ó họrí, ó ní òun ò mọ gbajúmọ̀ tí èyí jẹ́, bóyá inú fíìmù àtijọ́ ni wọ́n ti mú un. Èmi nìkan ni mo rín in, mo rín in títí omi fi ń bọ́ lójú mi. Mo ní ọkọ mi nìyẹn. Mo ní ojoojúmọ́ ló ń kí rédíò bẹ́ẹ̀, ó ní ẹnì kan ò lè kí òun kí òun má dáhùn, àbíkẹ́yìn wa á sì dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, á ṣí fìlà tiẹ̀ náà. Onígbàjámọ̀ gbé abẹ sílẹ̀, ó ní kí n tún un sọ.

Mo wá mọ̀ pé o ò gbàgbé. Ẹnu rẹ ni ò lè sọ ọ́, ọwọ́ rẹ bá kọ ọ́. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, ó ṣe é dáadáa, àfi pé ọwọ́ òsì ló fi ṣí fìlà, ọwọ́ ọ̀tún ni bàbá rẹ máa ń lò.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra bẹ́líìtì tuntun sí ẹ̀rọ mi, aṣọ àwọn ọmọ wọn ló kàn. Bí o ṣe jẹ́ kí àwọn tí ò mọ bàbá rẹ mọ̀ ọ́n, ọmọ tìrẹ náà á ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ, o ò ní di ẹni ìgbàgbé. Pè mí lọ́sàn-án Sọ́ńdè, má bá mi sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rárá, bàbá rẹ la máa sọ̀rọ̀ ẹ̀. Tí ẹkún bá dé, sun ún, mi ò ní pa fóònù.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, aránṣọ.