Ìkẹ́dùn lórí Bàbá Ìgbì, Ẹni Tí Kò Gbà Kí Á Da Ìdajì Ohùn Nù

Sí ìyàwó olóògbé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà àti àwọn ọmọ,

Pẹ̀lú ọkàn tí ó gbọgbẹ́ ni àwa òṣìṣẹ́ Ilé Àyẹ̀wò Ohùn fi ń kí yín: ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ikú ṣe é! Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá wa tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ìgbì ṣì jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń pa wá lẹ́rìn-ín. Kí a tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Iṣẹ́ wa ni láti mọ ẹni tí ó ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Àpapọ̀ ìgbì kéékèèké ni ohùn ènìyàn. Bí ìgbì kọ̀ọ̀kan ṣe lágbára tó ni gbogbo wa máa ń wọ̀n. Ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbéra àti bí ó ṣe tẹ̀lé èkejì, dídànù ni à ń dà á nù. Bàbá Ìgbì kò gbà. Á ní, “Ẹ ń jẹ ẹran, ẹ ń da ọbẹ̀ nù!” Ó ní ẹni tí ó bá ń sín ohùn ẹlòmíràn jẹ lè jí agbára rẹ̀ gbé, ṣùgbọ́n kò lè jí bí ìgbì rẹ̀ ṣe ń gbéra. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, òun náà sì ń bá wa rẹ́rìn-ín.

Ẹ mọ ọ̀rọ̀ awakọ̀ tí wọ́n tì mọ́lé nítorí ohùn kan tí ó halẹ̀ ikú mọ́ ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù. Ẹ̀rọ wa àtijọ́ sọ pé ohùn awakọ̀ náà ni. Bàbá Ìgbì kó ohun tí a dà nù padà, ó wọ̀n ọ́n, ó ní rárá o, ẹnìkan ló sín in jẹ. Àwọn kan tí a kò mọ̀ ń pe fóònù ilé yín pé kí ó jáwọ́, kò jáwọ́.

Òfin wa ni pé ẹni tí ó ṣe àyẹ̀wò ni yóò dúró níwájú adájọ́. Òkú kò sì lè jẹ́rìí. A gbé iṣẹ́ náà fún ẹni tí ó máa ń ta kò ó jù, obìnrin onímọ̀ ìṣirò tí ó máa ń wá jiyàn dé pálọ̀ yín lọ́jọ́ Àìkú. A fi èsì olóògbé pamọ́ fún un, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí tirẹ̀ bá yàtọ̀, awakọ̀ náà wọ gàù nìyẹn. Nígbà tí ó parí, ó jáde, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní kì í ṣe ohùn awakọ̀ náà. Ó wá bú sẹ́kún.

Ìgbẹ́jọ́ náà bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, òwúrọ̀ kan náà tí ẹ ó sin olóògbé. A bẹ adájọ́ kí ó sún un síwájú, ó kọ̀, ó ní bí a kò bá wá, èsì àtijọ́ ni òun yóò lò. Ẹ̀gbọ́n wa, a gbọ́ pé inú ń bí yín pé obìnrin yìí, tí olóògbé mú bí àbúrò, kò ní bá yín gbé pósí. Ẹ dákun, ẹ foríjì wá. Gbogbo àwa yòókù yóò wà lẹ́yìn yín, a ó sì dúró ti àwọn ọmọ títí wọn yóò fi parí ẹ̀kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ní wákàtí tí ẹ bá ń bu erùpẹ̀ sí i, òun yóò máa sọ fún adájọ́ pé òótọ́ ni olóògbé sọ.

Kí Ọlọ́run tí ó dá ohùn kálukú mọ̀ gbọ́ ẹkún yín, kí Ó tù yín nínú, kí Ó má sì jẹ́ kí a sin ènìyàn méjì ní Ọjọ́bọ̀.

Olùdarí, fún gbogbo òṣìṣẹ́