Máìlì Mẹ́rin Láàárín Ìfọ̀ àti Papalantó

Ilé Jàfárù Káfíńtà,
Ìkọ̀tún.
16 Nòfẹ́ńbà, 1976.

Àlàó, ọmọ mi àtàtà,

Èmi bàbá rẹ, Jàfárù, Olórí gbogbo Káfíńtà Ìkọ̀tún àti Ìgándó, Igbákejì Alága Mọ́sáláásí, ẹni tí Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ń dìde kí, ni mo ń kí ọ pé àsàlámù àlékùn. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Yábàá? Ṣé ara ìyàwó le? Ẹni tó bá ní kí o má jókòó pẹ́ lórí àga ọ́fíìsì yẹn, àga náà ni yóò dà á nù, àmín. Ara tiwa le, àfi orúnkún mi tó ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, àti ewúrẹ́ ìyá rẹ tó jẹ ọ̀kan nínú fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ pé méjì lo fi ránṣẹ́.

Ọpẹ́ ni mo fi kọ ìwé yìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ tó tọwọ́ bọ fọ́ọ̀mù pé máìlì kọ̀ọ̀kan tí àwọn ọ̀dọ́ wa márùn-ún bá fi kẹ̀kẹ́ rìn dé Abẹ́òkúta ni òun yóò san owó lé lórí, kí a fi ra bẹ́ẹ̀dì fún ilé ìgbẹ̀bí Ìgándó. O mọ̀ pé bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, orí bẹ́ńṣì ni Àtọ́kẹ́, àbúrò ìyá rẹ, bímọ sí lójò tó kọjá, ọmọ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yí lulẹ̀. Ọ̀gá rẹ ní bí ó bá ku máìlì kan péré tí wọn kò fi ẹsẹ̀ ara wọn wà, kò sí owó. Gbólóhùn yẹn ni kò tètè yé mi.

Lọ́jọ́ Sátidé, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, Ṣóbọ̀wálé tó máa ń fi Pijó rẹ̀ kó pákó fún mi ti dé. A kó kẹ́ẹ̀gì omi, ẹ̀kọ tútù àti àkàrà sẹ́yìn ọkọ̀, Nùrẹ́nì àbúrò rẹ jókòó tì wọ́n, a ní a ó máa tẹ̀ lé àwọn oníkẹ̀kẹ́. Ilésanmí, ọmọ Aládùúrà, wọ sùtánà funfun wá, kò wọ bàtà, ó ní ènìyàn kì í wọ bàtà nínú aṣọ yẹn. Tòún tó ń gbẹ̀bí, tí òun náà fẹ́ gun kẹ̀kẹ́, ní kò burú, ṣùgbọ́n ṣé wọ́n ti sọ fún ṣéènì? Kí a tó dé Abúlé Ẹ̀gbá, ṣéènì ti jẹ sùtánà dé orúnkún. Ilésanmí bọ́ ọ, ó ku ṣòkòtò, ó ní kí n bá òun mú un dání, bẹ́ẹ̀ ni èmi Mùsùlùmí gbé sùtánà lé itan dé Abẹ́òkúta. Ọlọ́run mọ̀ pé aṣọ lásán ni mo gbé.

Nígbà tí a kọjá Ìfọ̀, oòrùn ń ta bí ẹni bínú. Ọmọ mi, mo wò wọ́n, ahọ́n ń yọ. Mo ní nínú ayé tí owó epo ti kún ilẹ̀ yìí, tí akọ̀wé kékeré ń ra ọkọ̀, kí ló dé tí ọmọ olọ́mọ ń jìyà, tí ọkọ̀ tó ṣófo sì ń rá pálá tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn? Mo ké sí wọn pé ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kó kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀ kí ẹ wọlé kíá, ẹ má jẹ́ kí n tún un sọ. Ta ni yóò kọ̀ sí àgbà lẹ́nu? Àwọn márààrún wọlé wọ̀ọ̀.

Máìlì mẹ́rin. A dé Papalantó ni Tòún tó ń mumi figbe ta, ó ní Bàbá, ẹ ti pa wá, bẹ́ẹ̀dì ti lọ! Ṣóbọ̀wálé ní ta ni yóò mọ̀? Ilésanmí ní Ọlọ́run mọ̀. Ṣóbọ̀wálé ní àbí Ọlọ́run ló fẹ́ kọ sọ̀wédowó ni. Mo ní ó tó, kí ó yí ọkọ̀ padà. A gbé wọn padà sí ẹsẹ̀ igi tí wọ́n ti wọkọ̀ gan-an, wọ́n sì tún un gùn. Tòún bì lẹ́ẹ̀mejì, kò sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà ìrun Mọ̀ríbì, tí oòrùn ti wọ̀, ni a wọ Abẹ́òkúta.

Pásítọ̀ tó gbà wá lálejò ní tẹlifóònù, a sì pe ọ̀gá rẹ nílé rẹ̀. Mo ṣí fìlà. Mo gbé káàdì tí wọ́n lu òǹtẹ̀ ìlú kọ̀ọ̀kan sí sí tẹlifóònù lẹ́nu, kí ó lè rí i kedere. Ó ní òun kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní ọ̀gá, kì í ṣe gbígbọ́, wíwò ni. Nígbà tí wọ́n gba káàdì lọ́wọ́ mi, ó bèèrè bóyá wọ́n gun gbogbo rẹ̀ lóòótọ́. Mo ro ti ọkọ̀ fún un, n kò fi ohun kankan pamọ́. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun kò tíì rí ẹni tó fẹjọ́ ara rẹ̀ sùn rí, òun yóò san gbogbo rẹ̀ pé. Bẹ́ẹ̀dì méjì, Àlàó! Olúwa yóò tẹ́ tìrẹ náà fún ọ ní ibi ìrọ̀rùn.

Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, owó àgbò ńkọ́? Ìyá rẹ Mọ̀dínátù ń fẹ́ sítóòfù. Kí o sì ra bàtà fún Nùrẹ́nì àbúrò rẹ, ọmọ gidi ni, kò lẹ́gbẹ́. Ọ̀nà rẹ yóò là, ìwọ kò ní sunkún ọmọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jàfárù.

Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ dákun, ẹ má tíì pa ìwé náà dé. Èmi Nùrẹ́nì ni mo kọ ọ́. Bàbá kì í ṣe igbákejì ẹnikẹ́ni, ẹní ni wọ́n ń bá wọn tẹ́ ní mọ́sáláásí. Wọ́n ní kí n kàn kọ ọ́ pé àwọn oníkẹ̀kẹ́ dé, ẹ ṣeun.

Lọ́jọ́ yẹn, Bàbá sùn lọ níwájú ọkọ̀, ẹnu wọn là sílẹ̀. Èmi tí mo wà lẹ́yìn ni mo fi ohùn Bàbá pe àwọn Ilésanmí, mo kàn fẹ́ wò ó bóyá wọ́n á gbọ́ ni. Wọ́n gbọ́ ṣá, Ṣóbọ̀wálé pàápàá dá ọkọ̀ dúró láì wo ẹ̀gbẹ́, ẹnu mi ò sì lè sọ òótọ́ mọ́. Nígbà tí Tòún figbe ta, Bàbá jí, wọ́n wò mí, nítorí wọ́n mọ̀ pé mo máa ń sín wọn jẹ, mo rò pé pàṣán yóò bó awọ ara mi lọ́jọ́ náà. Bàbá kọjú sí gbogbo wọn, wọ́n ní èmi Jàfárù ni mo sọ ọ́. Ohun kan náà ni wọ́n sọ fún ọ̀gá yín. Mo bi wọ́n nígbà tí à ń bọ̀ wálé pé kí ló dé. Wọ́n ní ohùn Jàfárù ni àwọn ọmọ gbọ́, Jàfárù náà ni yóò rù ú.

Láti ọjọ́ yẹn, n kò fi ohùn wọn sọ̀rọ̀ mọ́, àfi nínú ìwé yìí. Bí ọ̀gá yín bá tún ń fi Bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ bá mi sọ fún wọn pé Bàbá kọ́. Èmi ni.

Nùrẹ́nì